Ọkọ̀ Ìgbòkun Àlòkù: Àtúnṣe Mirror fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Bí A Ṣe Ń Tukọ̀

Nínú gbogbo ọkọ̀ ìgbòkun kéékèèké tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ilé káàkiri Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí koríko ti ń hù gba abẹ́ wọn, Mirror ni mo máa ń ní kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá kiri. Kì í ṣe pé ó yá ju àwọn yòókù lọ o. Kò yá rárá. Ẹni tí kì í ṣe káfíńtà ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ìdí nìyẹn. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé e jáde fáráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù. Jack Holt tó ń ya àwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell tó máa ń kọ́ àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Pọ́n-ùn 63 àti ṣílè 11 ni wọ́n ń ta pákó àti ohun èlò rẹ̀ lápapọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá rà á yóò lọ tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní 70,000. Ẹ ò ní wá a pẹ́ kí ẹ tó rí èyí tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó kúrò lẹ́yìnkùlé òun.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà tún un ṣe. Pláíwúùdù pẹlẹbẹ ni gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀, wọ́n wá fi téèpù fáíbà tó mu rísìn lẹ ojú ìsopọ̀ náà nínú àti lóde. Kò sí igi ńlá tó gbé e ró nísàlẹ̀. Pákó àti téèpù yẹn ló di ara wọn mú, nítorí náà ibi tí téèpù bá ti ṣí ni agbára ọkọ̀ ti ń jò lọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.3, ara rẹ̀ lásán sì wọn nǹkan bíi kílò 45. Ènìyàn méjì lè gbé e. Imú rẹ̀ kò ṣóńṣó, pẹrẹsẹ ni, òpó rẹ̀ kò sì ga. Igi mìíràn ni wọ́n ń fà gòkè lára òpó láti gbé ìgbòkun dé òkè. Bí ẹ bá tú wọn sílẹ̀, gbogbo igi rẹ̀ á gba inú ọkọ̀, ẹ lè dè é mọ́ orí mọ́tò kí ẹ máa lọ.

Ní ti rírà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá gbé ọkọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́ lè má mọ ibi tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà mọ́. Ìgbòkun tuntun nìkan lè gbówó lórí ju odindi Mirror àlòkù tí gbogbo nǹkan rẹ̀ pé lọ. Torí náà, kí ẹ tó wo ara pákó, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹrù sílẹ̀ kí ẹ rí i: òpó, igi òkè, igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun, ìgbòkun ńlá àti kékeré, ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, àti pátákó àárín, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tì bọ omi gba ihò àárín ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa ti ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ọmọlanke tí wọ́n fi ń gbé e sómi pẹ̀lú. Tí èyí tó pọ̀ nínú wọn ò bá sí, ẹ kí olówó rẹ̀, ẹ máa lọ.

Bí ẹrù bá pé, ó wá ku àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ìka ọwọ́ yín àti ọ̀bẹ kékeré kan ti tó. Ẹ máa fi eegun ìka kan pákó láti imú ọkọ̀ dé ìdí, ẹ má kánjú. Pákó tó le máa dún kó, kó, kó. Ibi tó ti rà á dún pò, ohùn rẹ̀ á rì sínú. Bí ohùn bá ti yí padà, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ ibẹ̀. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ohun tó bá a jáde jẹ́ ẹ̀tù dúdú tútù tó ń rùn bí ilẹ̀ ìdí odò, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ dúdú lásán tàn yín. Omi tó bá gba abẹ́ fáníìṣì wọlé máa ń kun pákó dúdú láìjẹ́ pé pákó náà ti bàjẹ́. Bí ọ̀bẹ ò bá wọ̀ ọ́, ojú ló kàn burú.

Omi òjò ló ń pa ọkọ̀ pákó, omi òkun kọ́. Ohun tó ń mú igi rà kì í fẹ́ iyọ̀. Omi tútù tó dúró sójú kan láìsí atẹ́gùn ló ń bá a lára mu. Nítorí náà, ibi tí òjò ti lè rọ̀gún ni kí ẹ wò jù: igun méjèèjì tó wà nídìí ọkọ̀, ìsàlẹ̀ àwọn àpótí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ òpó, etí gbogbo ihò skúrúù, àti ibi tí àpótí pátákó àárín ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ibi ìkẹyìn yẹn ni Mirror àgbà máa ń ti jò jù, torí gbogbo ìgbà tí pátákó bá gbún ilẹ̀, ojú ìsopọ̀ yẹn ló ń gba ìyà rẹ̀.

Àpótí afẹ́fẹ́ ni àwọn ibi títì tó wà nímú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nídìí, tí ènìyàn ń fi ṣe ìjókòó. Àwọn ló ń gbé ọkọ̀ léfòó bó bá dojú dé. Ẹ ṣí ìdérí wọn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú, ẹ sì ti imú bọ̀ ọ́. Òórùn á sọ fún yín bóyá omi ti ń sùn níbẹ̀.

Ṣé ẹ ti rà á? Ó dáa. Ẹ má tíì fá ọ̀dà ara rẹ̀ o. Ibí yìí ni ọkọ̀ ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń kú. Ìtara ọjọ́ kìíní á gùn wọ́n, wọ́n á tú gbogbo skúrúù, wọ́n á fá gbogbo ọ̀dà títí dé ara igi, wọ́n á kó àwọn irin wẹ́wẹ́ sínú agolo kan. Òtútù á dé, iṣẹ́ ajé á dé, ọdún kejì á bá ọkọ̀ níbi tó wà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ṣe ohun tí yóò jẹ́ kó léfòó, kí òpó rẹ̀ dúró, kí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ sì gbọ́ràn, kí ẹ sì gbé e sómi ní sáà yìí kan náà. Ẹwà á dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ náà gba atẹ́gùn ló máa mọ irin tí òun fẹ́ pààrọ̀ àti èyí tó dára níbi tó wà.

Ojú ọjọ́ ìlú yìí náà ní ìlànà tirẹ̀. Ìgbà òtútù dára fún gbígbẹ, gígé àti fífá. Kò dára fún lílẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé, ẹ dojú rẹ̀ dé lórí igi méjì, ẹ ṣí gbogbo ìdérí àpótí afẹ́fẹ́ kí atẹ́gùn máa gba inú rẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó ti gbẹ, ẹ fá ojú ibì kan títí dé ara igi, ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ọn ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Tí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà láàárọ̀, omi ṣì wà nínú igi. Rísìn tí ẹ bá kùn lé igi tútù ti omi mọ́nú nìyẹn.

Ibi tó bá ti rà, ẹ gé e kúrò pátápátá, kí ẹ sì gé wọnú pákó tó le díẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ da rísìn tó ṣàn sínú ibi tó ti rà náà kó le. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ara ọkọ̀ tó ń ru ẹrù, torí rísìn kì í wọnú igi tó kún fún omi. Òkè ló máa le, ìsàlẹ̀ á máa rà lọ. Ẹ ra pláíwúùdù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ omi, tó ní òǹtẹ̀ BS 1088. Ti ilé ìtajà ohun èlò ilé lásán lè dára lójú, ṣùgbọ́n ihò lè wà láàárín awẹ́ rẹ̀, omi á sì rí ilé gbé. Ẹ má gbé àlẹ̀mọ́ lé ojú ihò pẹrẹsẹ. Ẹ rẹ́ etí ihò àti etí pákó tuntun ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí èkíní lè sùn lé èkejì. Ìdíwọ̀n tí àwọn kankọ̀kankọ̀ ń lò ni ìlọ́po mẹ́jọ: bí pákó bá nípọn tó mìlímítà 5, kí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà gùn tó mìlímítà 40. Awẹ́ pláíwúùdù máa hàn bí ìlà lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà bí ẹ ti ń rẹ́ ẹ. Bí àwọn ìlà náà bá tọ́, tí wọ́n sì fẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ yín dúró. Bí wọ́n bá wọ́, ẹ ti tẹ páléènì jù níbì kan.

Epoxy ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Rísìn polyester ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ Mirror àtijọ́, ṣùgbọ́n epoxy máa ń di igi mú jù ú lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ polyester àtijọ́ tí wọ́n bá ti fi sáńdípépà ha ojú rẹ̀. Ẹ má dán ìdàkejì rẹ̀ wò, polyester kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ epoxy. Agolo méjì ni epoxy máa ń wà, èkíní ni rísìn, èkejì ni èyí tó ń mú un gan. Iye tí wọ́n bá kọ sára agolo ni kí ẹ pò pọ̀, ì báà jẹ́ 5 sí 1 tàbí 3 sí 1, ẹ má fojú bù ú. Ẹni tó bá rò pé òun lè fi kún ti èkejì kó lè tètè gan máa ní ohun rírọ̀ kan lọ́wọ́ tí kò ní gan láéláé, yóò sì fi ọ̀sẹ̀ kan ha á kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, kí ẹ sì tètè dà á sínú àwo pẹrẹsẹ. Bó bá pọ̀ nínú ife kan, ooru á mú ara rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Fún ihò tàbí igun, ẹ da ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún un sínú epoxy títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tó fẹ́ dì. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á gba igun náà, kí igun yẹn di kòtò rọ̀bọ̀tọ̀ tó dán, lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ téèpù fáíbà lé e, kí ẹ fi epoxy rin ín títí funfun rẹ̀ yóò fi pòórá. Ibi tó bá ṣì funfun ni rísìn ò tíì dé. Bó bá gan tán, ó lè yọ ohun kan tó ń yọ̀ lójú bí ọ̀rá. Omi lásán àti kànrìnkàn líle ló ń ṣí i kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sáńdípépà kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń fi ọ̀rá náà ra ojú iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin náà ní ara. Epoxy lè mú kí awọ ara kọ̀ ọ́ lójijì, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ kì í sì í lè súnmọ́ ọn mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà. Bó bá ta sí yín lára, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò; tínà máa ń gbé e wọnú awọ ni. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, torí náà ẹ fi omi rin sáńdípépà, kí ẹ wọ ìbòmú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa ṣeré nínú eruku ibẹ̀. Ẹ̀rọ ooru tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà pẹ̀lú máa ń rọ téèpù àtijọ́ nídìí. Ẹ jìnnà sí ojú ìsopọ̀ tí ẹ bá ń lò ó.

Kí ọ̀dà tó kàn án, ẹ dán àpótí afẹ́fẹ́ wò. Ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò ìdérí kan, ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀, kí ẹnì kan máa fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnì kejì á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tó bá hó ló ń jò. Ẹ̀rọ táyà kò wọ ọ̀rọ̀ yìí o, agbára rẹ̀ lè fa ohun tí ẹ lẹ̀ ya. Iṣẹ́ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo àtúnṣe yìí. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ burú á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Èyí tí àpótí rẹ̀ ń jò ò ní dìde mọ́ lọ́jọ́ tó bá dojú dé.

Ọ̀dà ò gba àlàyé púpọ̀. Oòrùn máa ń ba epoxy jẹ́, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ níhòòhò. Ẹ kun ara ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ọkọ̀ omi, ẹ fi fáníìṣì kun àwọn igi lẹ́ẹ̀mélòó kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó jẹ́, kí ẹ fi sáńdípépà kúnná ha á díẹ̀ láàárín. Àwọ̀ tó bá wù yín ni kí ẹ lò.

Ìgbòkun pupa la fi ń dá Mirror mọ̀ lókèèrè, ṣùgbọ́n bí tiyín bá ti ṣá, kò burú. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni òwú tí wọ́n fi rán an. Ẹ fi èékánná ha ojú rírán rẹ̀. Bí òwú bá já, oòrùn ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e fún aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára kó tún un rán. Àlẹ̀mọ́ ò dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà Èkó ń fi aṣọ àti tapólì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ gba atẹ́gùn, wọ́n sì ń fi ru ẹrù tó wúwo ju Mirror mẹ́wàá lọ. Wáyà tó di òpó mú ni kí ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ fi àkísà nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí irun wáyà kan bá fa àkísà ya, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, torí òpó tó bá wó lójú omi kì í kìlọ̀. Ẹ tú àwọn irin tó di ìtọ́kọ̀ mú, ẹ wo ihò skúrúù wọn. Bó bá ti fẹ̀ jù, ẹ fi epoxy tó ki dí i, kí ẹ tún un lu.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí omi, ẹ má ta ìgbòkun. Ẹ gbé e sínú omi tí kò kọjá orókún, kẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ wà láàárín 2 sí 3 lórí òṣùwọ̀n Beaufort. Ẹ yẹra fún afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sínú agbami. Etíkun á máa pa rọ́rọ́, tí ẹ bá jìnnà díẹ̀ ni ẹ óò mọ bó ṣe le tó, àtipadà á sì wá di ìṣòro. Adágún tó ní ẹgbẹ́ atukọ̀ nítòsí dára ju òkun lọ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa béèrè ìwé ìdánilójú ẹ̀mí àti dúkìá ẹlòmíràn, lórí omi Norfolk Broads pẹ̀lú, ẹ óò san owó fún Broads Authority, àjọ tó ń bójú tó omi náà, kí ọkọ̀ tó kan omi. Bí ẹ ò bá tíì tukọ̀ rí, ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ ìpele kìíní ti RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọ. Ó sàn kí ẹ ṣe àṣìṣe lórí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ju lórí èyí tí ẹ fi gbogbo ìgbà òtútù tún ṣe.

Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ẹ tó kúrò létí omi, ẹni tó mọ̀wẹ̀ pẹ̀lú. Omi ibí tutù débi pé mímí á kọ́kọ́ fò sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá já sí i, àsìkò yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń mu omi yó. Ohun tí RNLI, ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí lójú omi, ń kọ́ ará ìlú ni pé kí onítọ̀hún má jà: kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó léfòó, títí mímí yóò fi padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni kó wá ọkọ̀ rẹ̀ dì mú. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú Mirror yín dé lọ́jọ́ tí ẹnì kan ń wò yín létí omi. Ẹ gun orí pátákó àárín, ẹ fà á dìde, ẹ wọlé, ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀. Korobá ni kí ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi okùn dè é mọ́ inú ọkọ̀. Igbá tí a ò bá dè máa ń ṣíwájú ọlọ́kọ̀ lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tó mọ́ fọ iyọ̀ kúrò lára ìgbòkun àti irin, kẹ́ ẹ sá ìgbòkun sábẹ́ òjìji kó gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí àpótí afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ dojú ọkọ̀ dé lórí igi méjì kó ga kúrò nílẹ̀, ẹ má sì fi tapólì wé e mọ́ra pátápátá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa kọjá.